Ìka Tó Ń Pààrọ̀ Abẹ Ni Abẹ Ń Gé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ abẹ níkòó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, aago mẹ́jọ kò tíì lù, nígbà tí ìyá kan sáré wọ dísípẹ́ńsárì wa ní Okota. Ó ti fi ìborùn di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gba ara aṣọ náà jáde. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ ti là, ó sì jìn. Mo ní, "Màmá, ṣé ọ̀bẹ ìdáná ni?"

Ó ní, "Rárá o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Abẹ bàbá àwọn ọmọ ni. Òde là ń lọ. Wọ́n ń wẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn fi orí tuntun sí abẹ tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n. Orí ti tẹ́lẹ̀ kò yọ. Mo fà á títí, ìgbà tí yóò sì yọ, ọwọ́ mi ló yọ sí." Ó mi orí, ó tún ní, "Bàbá tó ni irùngbọ̀n, abẹ kò gé wọn rí. Èmi tí n kò ní irun kan lágbọ̀n ni abẹ wá gé."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rán ojú ọgbẹ́ náà tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbẹ́ abẹ tó jìn tí mo tọ́jú kì í ṣe ti ẹni tó ń fá irun. Ti ẹni tó ń pààrọ̀ abẹ ni, tàbí ti ẹni tó ń fọ̀ ọ́, tàbí ti ẹni tó lọ kó ilẹ̀ tí abẹ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fá irun máa ń wo dígí, ó máa ń rọra ṣe. Ẹni tó ń pààrọ̀ abẹ kò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

ABẸ ÀTIJỌ́ ÀTI ABẸ FẸ́LẸ́

Kí òyìnbó tó kó abẹ tirẹ̀ dé, àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ abẹ. Irin kan ṣoṣo ni, onígbàjámọ̀ a máa pọ́n ọn, a máa fá orí àti àgbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Abẹ yẹn kò ní ohun tí à ń pààrọ̀. Bó bá kú, a ó pọ́n ọn. Ewu rẹ̀ wà lára ẹni tí wọ́n ń fá, nítorí pé ojú abẹ náà wà ní ìhòòhò.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń ta ìdérí ìgò káàkiri, King Camp Gillette lorúkọ rẹ̀, ló ronú pé a lè ṣe abẹ fẹ́lẹ́ tí a kò ní pọ́n rárá: bó bá kú, kí a jù ú nù, kí a fi òmíràn sí i. Ní ọdún 1903 tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tà á, èèkù 51 péré ni wọ́n rí tà. Ní ọdún 1904, tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà, iye èèkù tí wọ́n tà ju 90,000 lọ. Irú èèkù bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ilé títí di òní. Àwọn bàbá wa kan kò tíì jù ú sílẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìdérí wà lókè, àwo kan tó ní eyín bí òòyà wà nísàlẹ̀, èèkù sì wà lábẹ́ àwo náà. Abẹ fẹ́lẹ́ ni ó wà láàárín ìdérí àti àwo. Bí a bá ń yí èèkù bí ẹni ń dé ìgò, yóò fa ìdérí mọ́ àwo, abẹ yóò tẹ̀, yóò sì le gírígírí. Kìkì etí rẹ̀ ni yóò yọjú, eyín àwo kò sì ní jẹ́ kó wọ ara jinlẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Eyín òòyà náà dáàbò bo àgbọ̀n ẹni tó ń fá. Kí ni ó dáàbò bo ọwọ́ ẹni tó ń tú u? Kò sí. Nígbà tí a bá tú èèkù, abẹ tó ní ojú méjì ni yóò wà ní gbangba, ọwọ́ a máa yọ̀ nítorí ọṣẹ àti omi, ìka wa ni a ó sì fi mú un.

Bí irú èyí bá wà nílé yín, ẹ ṣe báyìí. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọṣẹ kúrò, kí ẹ nu ọwọ́ àti èèkù gbẹ. Ẹ dojú orí abẹ náà délẹ̀ lórí tábìlì, kí èèkù kọ sókè. Abẹ fẹ́lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ gígùn méjì tó mú, àti ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjì tí kò mú. Ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ni kí ẹ fi ìka di orí náà mú, kí ẹ tó yí èèkù. Bí èèkù bá ti tú, ẹ gbé àwo kúrò, kí ẹ da abẹ náà láti inú ìdérí sínú agolo. Ẹ má fi ìka fà á jáde. Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, orí tábìlì náà ni kí ìdérí wà, kí ẹ gbé abẹ lé e, kí àwo tẹ̀lé e, kí èèkù wá tẹ̀lé àwo. Ẹ má ṣe é ní ọwọ́ òfìfo lórí garawa omi.

ÀWỌN TÓ RONÚ NÍTORÍ ÌKA

Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn tó ń ṣe abẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ro ti ìka. Ọ̀gágun kan ní Amẹ́ríkà, Jacob Schick, wo bí ìbọn ṣe ń gba ọta láti inú àpótí rẹ̀, ó ní a lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún abẹ. Ní àwọn ọdún 1920 sí 1930 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Abẹ wà nínú àpótí kékeré kan. A ó fi ẹnu àpótí náà sí ẹ̀gbẹ́ orí èèkù, a ó tì í, abẹ tuntun yóò wọlé, yóò sì ti èyí tó ti kú jáde ní ìhà kejì. Ìka kò kan abẹ tuntun rárá.

Lẹ́yìn náà ni orí abẹ tí à ń pààrọ̀ lódindi dé, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ń lò lónìí. Ní ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Wilkinson Sword ní Ìlú Ọba gbé orí kan jáde tí abẹ ti lẹ̀ mọ́ ike pátápátá láti ilé-iṣẹ́. Ní ọdún 1971, ilé-iṣẹ́ Gillette gbé Trac II jáde, èyí tó ní abẹ méjì nínú orí kan. Láti ìgbà náà, a kì í fọwọ́ kan abẹ lásán mọ́. Ike tó gbé abẹ dání ni à ń fọwọ́ kàn.

Nígbà tó bá pé, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn. Orí tuntun wà nínú àpò rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa. A ó ti ẹnu èèkù bọ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò dún "ká", ó ti wọlé nìyẹn. Bí a bá fẹ́ yọ ọ́, a ó tẹ bọ́tìnnì tàbí kí a ti ohun kan síwájú lára èèkù, orí náà yóò fò jáde.

Ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí ti ìyá yẹn kò fò jáde? Mo ní kí ọmọ rẹ̀ lọ mú èèkù náà wá kí n wò ó. Ọṣẹ tó ti gbẹ àti irun ti dí ibi tí orí ti ń wọ èèkù, bọ́tìnnì kò lè lọ mọ́. Orí tó sì wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irú tirẹ̀ gan-an. Wọ́n rà á lọ́jà lówó pọ́ọ́kú, ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n kò bá a mu. Tipátipá ni wọ́n fi tì í wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, orí tó bá fi tipátipá wọlé, tipátipá ni yóò fi jáde, tàbí kí ó jábọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá wà lágbọ̀n. Olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe ìdè tirẹ̀, orí ti ẹnìkan kì í sábà wọ èèkù ti ẹlòmíràn. Mo ti rí ẹni tó fi okùn dì í, mo ti rí ẹni tó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, mo sì ti rí ẹni tó fi iná àbẹ́là yọ́ ike rẹ̀ kí ó lè wọlé. Owó tí wọ́n ní àwọn fi pamọ́ kò tó owó tí wọ́n fi rán ọgbẹ́.

Bí orí bá há, ẹ fi í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tí ẹ kò lò mọ́ fọ ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ sínú agolo kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Bí kò bá tíì jáde, ẹ fi ẹ̀mú onírin mú ẹ̀gbẹ́ ike náà, kí ẹ fà á síwájú kúrò lára yín. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ ju tòun tèèkù sínú agolo náà. Èèkù ní iye lọ́jà, ìka kò ní.

OHUN TÍ ILÉ-ÌWÒSÀN FI KỌ́ MI

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní èdè wa, iṣẹ́ tí dókítà fi ń la ara ènìyàn ni à ń pè ní iṣẹ́ abẹ. Abẹ dókítà náà ní orí tí à ń pààrọ̀. Ní ọdún 1915 ni Morgan Parker ní Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀: èèkù irin kan tí kì í gbó, àti abẹ pẹlẹbẹ tó ní ihò láàárín, tí a ń ti ihò rẹ̀ bọ ìmú èèkù. Ó ti ju 100 ọdún lọ, síbẹ̀ irú rẹ̀ ni a ṣì ń lò.

Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìka fi abẹ sí èèkù, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìka yọ ọ́. Ẹ̀mú ni a ó fi mú ẹ̀yìn abẹ níbi tí kò mú, a ó fi í sí i. Ẹ̀mú náà ni a ó fi gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀, a ó tì í kúrò lára wa sínú àpótí tirẹ̀.

Mo mọ òfin yìí bí mo ti mọ orúkọ mi. Síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó ti rẹ̀ mí, mo ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, n kò rí ẹ̀mú nítòsí. Mo ní kí n yára fi ọwọ́ yọ ọ́. Abẹ náà la ìbọ̀wọ́ mi, ó la ìka ìfábẹ̀lá mi. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ló wà lára abẹ yẹn. Sísítà tó ń kọ́ wa kò pariwo. Ó mú ọwọ́ mi lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ní, "Ọmọ mi, abẹ kò mọ nọ́ọ̀sì." Mo lo oògùn, mo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo tún ṣe é lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, oorun mi kò pé ní alẹ́ kan. Ọlọ́run ṣe é, kò sí àrùn kankan. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n ni pé òfin nìkan kò tó. Ẹni tó mọ òfin lè gbàgbé, ó lè rẹ̀ ẹ́, iná lè lọ. Ohun èlò fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ ohun tí kò dára. Ní ọdún 1999, àjọ ìlera àgbáyé, UNICEF àti UNFPA jọ pinnu pé kí àwọn orílẹ̀-èdè lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tó máa ń ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn ìgbà tí a bá lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kò lè tún un lò kódà bí ẹ fẹ́. Bákan náà, ní àwọn ilé-ìwòsàn kan, àpótí kékeré ti wà tí a ó ti abẹ dókítà bọ̀ tòun tèèkù, bí a bá fa èèkù padà, abẹ yóò kù sínú rẹ̀. Kò sí ìka níbẹ̀.

A KÌ Í FÁRÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ

Àwọn tó ń ṣe abẹ nílùú òyìnbó náà ti fi ojú ara wọn rí òótọ́ òwe wa yìí. Ilé-iṣẹ́ Gillette fẹ́ ta abẹ kan fún àwọn ará Íńdíà. Wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ Íńdíà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà dán wò, àwọn yẹn ní ó dára. Nígbà tí ó dé Íńdíà, wàhálà dé. Àwọn ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní Íńdíà ń fi omi ife kan ṣoṣo fá irùngbọ̀n. Irun dí orí abẹ náà, omi kò sì pọ̀ tó láti ṣàn án kúrò.

Nígbà náà ni wọ́n lọ jókòó ti àwọn ènìyàn náà nínú ilé wọn. Wọ́n rí ẹni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó fi dígí kékeré sí iwájú, tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ní ọdún 2010 ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní Gillette Guard jáde: abẹ kan ṣoṣo, òòyà níwájú rẹ̀ kí ó má baà géni, àyè ńlá lẹ́yìn rẹ̀ kí omi díẹ̀ lè fọ̀ ọ́, ihò nídìí èèkù láti fi gbé e kọ́. Rupee 15 ni wọ́n ta èèkù rẹ̀, wọ́n sì ta orí rẹ̀ ní rupee 5.

Ṣé ẹ rí i? Lẹ́yìn olórí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fárí. Ìgbà tí wọ́n jókòó ti olórí ni wọ́n tó mọ ohun tó yẹ.

Ó dára, ta ni olórí ní ilé tiwa ní Okota, ní Ìsọlọ̀, ní Òṣòdì? Kì í ṣe ọkùnrin tó ń fá irùngbọ̀n nìkan. Ìyàwó tó ń bá a pààrọ̀ orí abẹ wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ní kó lọ mú un wá wà níbẹ̀. Bàbá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, wà níbẹ̀. Omi garawa ni, iná sì ti lọ. Ẹni tó bá ń ṣe ìdè abẹ tí kò bá ro ti àwọn wọ̀nyí, ẹ̀yìn olórí ló ti ń fárí.

ÀMÌ MÁRÙN-ÚN TÍ Ẹ Ó FI MỌ ÌDÈ TÓ DÁRA

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra abẹ tó ń pààrọ̀ orí, ẹ má wo iye abẹ tó wà lórí rẹ̀ nìkan. Ẹ wo bí orí ṣe ń wọ èèkù.

Èkíní, kí ìka má ṣe kọjá níwájú ojú abẹ, bóyá ẹ ń fi sí i ni o, tàbí ẹ ń yọ ọ́. Ẹ̀yìn ni kí iṣẹ́ ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ di orí náà mú kó tó yọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Èkejì, kí ó máa sọ fún yín pé òun ti wọlé. Kí ó dún, tàbí kí ọwọ́ yín gbọ́ ọ, nítorí pé nínú òkùnkùn ojú kò ríran. Orí tó wọlé ìdajì léwu ju orí tí kò wọlé rárá lọ.

Ẹ̀kẹta, kí ó má gba ọ̀nà méjì wọlé. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ òdì, kí ó kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó bá ṣeé fi sí òdì, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò fi í sí òdì.

Ẹ̀kẹrin, kí ọwọ́ tó tutù, tó ní ọṣẹ, tó sì ti darúgbó lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má yọ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni ó le jù nínú iṣẹ́ náà. Ìdè tó rọrùn jù lè jábọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọmọdé sì lè tú u. Ìdè tó le jù ni yóò mú kí àgbàlagbà fi ìka fà á. Ẹ rántí ìdérí ìgò oògùn tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó yí i: ọmọdé kò tètè mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ ìyá àgbà náà lẹ́nu. Èyí tó dára jù lójú tèmi ni bọ́tìnnì tó fẹ̀, tó wà lára èèkù níbi tó jìnnà sí abẹ, tó sì ń béèrè pé kí á tẹ̀ ẹ́ kí á sì tún tì í síwájú kí orí tó yọ.

Ẹ̀karùn-ún, kí orí tó ti kú lè jábọ́ tààrà sínú àpò rẹ̀ tàbí sínú agolo, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yábàá àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn, iṣẹ́ yìí kò kéré fún yín. Ẹ má retí ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ẹ lọ jókòó ti ìyá kan nínú balùwẹ̀ rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, kí ẹ wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀yin ni yóò mọ irú ìdè tó yẹ wá.

ABẸ TÍ KÒ NÍ ÈÈKÙ RÁRÁ

Kì í ṣe orí abẹ nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, abẹ fẹ́lẹ́ lásán ni wọ́n ń fi ìka mú, láìsí èèkù kankan. Òun ni wọ́n fi ń tú irun dídì, òun ni wọ́n fi ń gé èékánná, òun ni télọ̀ fi ń tú okùn aṣọ, òun ni àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, òun náà ni wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù fún àwọn ọmọ yín, kò wọ́n. Ẹ fi ìlàrí oníṣóńṣó tú irun, ẹ fi ohun ìgé-èékánná gé èékánná.

Ohun tó sì burú jù ni kí abẹ kan máa yí láti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítìsì B lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ lára abẹ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ náà lè má hàn sí ojú. Nínú ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe ní ọdún 2018, nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà, ó lé díẹ̀ ní 8 tó ní i lára, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀. Kòkòrò HIV náà lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Nítorí náà, bàbá àti ọmọ kò gbọ́dọ̀ jọ lo orí abẹ kan, ọkọ àti aya kò gbọ́dọ̀ jọ lò ó. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ onígerun, kí ó tú abẹ tuntun lójú yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

BÍ ABẸ BÁ GÉ YÍN

Ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa. Ẹ má fún un. Ẹ má fi kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi óìlì mọ́tò sí i, ẹ má fi eérú tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọnin fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, tàbí bí ó bá jìn, tàbí bí ìka kò bá ṣeé ṣẹ́ mọ́, ẹ máa bọ̀ ní ilé-ìwòsàn kíákíá.

Bí ẹlòmíràn bá ti lo abẹ náà kí ó tó gé yín, ẹ má fi pamọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Oògùn wà tó ń dènà HIV, ṣùgbọ́n kí 72 wákàtí tó kọjá ni a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá sì tètè yá, ó dára jù. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn ipá, tẹ́tánọ́ọ̀sì. Àgbàlagbà tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ hẹpatáítìsì B lè gbà á: ẹ̀ẹ̀mẹta ni, láàárín oṣù 6. Kí ẹ sì rí i pé àwọn ìkókó yín gba tiwọn láàárín wákàtí 24 tí a bá bí wọn.

IBI TÍ ABẸ TÓ TI KÚ Ń LỌ

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Abẹ tí ẹ jù sínú ọ̀rá ilẹ̀, ọwọ́ ọmọ yín tó máa gbé e síta ni yóò kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àwọn tó ń kó ilẹ̀. Ẹ wá agolo mílíìkì tàbí agolo tíì tó ní ìdérí. Ẹ lu ojú tín-ín-rín kan sórí ìdérí náà, kí ẹ fi téèpù lẹ ìdérí mọ́ agolo. Abẹ yóò máa wọlé, kò ní lè jáde. Ẹ gbé e sókè kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Bó bá kún, ẹ lẹ ojú rẹ̀ pa kí ẹ tó jù ú.

Ìyá ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn padà wá kí n tú okùn ọgbẹ́ rẹ̀. Ọgbẹ́ ti jinná, ìka ń ṣẹ́. Mo bi í pé, "Ta ni ó ń pààrọ̀ abẹ nílé báyìí?" Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ ni. Mo gbé agolo sí orí pẹpẹ balùwẹ̀, mo ní orí tó bá ti kú, inú rẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n ní agolo mílíìkì kò ní ẹwà. Mo na ìka mi sí wọn. Wọ́n dákẹ́."

Ẹ̀yin ọkọ ilé, irùngbọ̀n yín ni, ẹ máa pààrọ̀ abẹ yín fúnra yín. Ẹ̀yin ìyá ilé, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ó ṣe é, ẹ nu ọwọ́ gbẹ, ẹ tan iná, kí ìka yín má ṣe kọjá níwájú ojú abẹ. Ìlera loògùn ọrọ̀.